Títú Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni irin ńlá tó dé bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lórí. Òun ló bo ihò tí písítìnnì ti ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn fáàfù wà. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni èéfín ń gbà jáde. Omi àti ọ́ìlì ní ọ̀nà tiwọn nínú rẹ̀. Láàárín òun àti bulọ́ọ̀kù ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kì í sábà nípọn tó mìlímítà méjì, síbẹ̀ òun ló ń la iná, omi àti ọ́ìlì láàárín, tí ọ̀kan kì í fi í wọ ilé èkejì.

Ní Fọlá Agoro, níbi tí Ṣómólú àti Bàrígà ti pàdé, títú tọ́ọ̀pù kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí mẹkáníìkì. Èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà wọn fi kọ́ṣẹ́ ni ti ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò: Peugeot 504, Datsun, Toyota Corolla àtijọ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ iṣẹ́ lè tú u láàárọ̀, kó sì ti dé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti onítọ́bò kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ kò le jù. Àwọn ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lára ló le, àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí kí wọ́n tó tún un dé.

Tọ́bò jẹ́ abẹ̀bẹ̀ méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ló ń yí àkọ́kọ́. Bí èyí bá ti ń yí, èkejì náà ń yí, ó sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ló gbàwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905. Orí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ akẹ́rù ló ti kọ́kọ́ wúlò. Ó di 1962 kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò tó jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ tó ń gba ojú títì Bajulaiye kọjá ló ní tọ́bò lára: Volkswagen Passat àti Audi A4 oní-1.8, Toyota Hilux tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, Honda CR-V oní-1.5, Mercedes C300 ti ayé òde òní.

Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ń tẹ nǹkan ní ìwọ̀n bar 1. Tọ́bò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fi ìdajì bar tàbí odidi bar kan kún un, òmíràn sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i nínú sìlíńdà, epo náà yóò pọ̀ sí i, iná tó ń jó níbẹ̀ yóò le sí i, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì máa jẹ ìyà tí ti ẹ́ńjìnnì lásán kì í jẹ. Èéfín tó ń wọ tọ́bò ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lè gbóná kọjá 900 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀pá àárín tọ́bò sì lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọ̀pá yìí dúró. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, tàbí tó wọ́n fún ìgbà díẹ̀, irin á máa ha irin.

Ooru ló sábà ń pa tọ́ọ̀pù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní títì Ìkòròdú, láti Jíbówú títí dé Pámgúróófù, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí rédíétọ̀. Fáànù nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Bí fáànù bá kọ̀, tàbí tí omi bá ti jò, ẹ́ńjìnnì á hó. Àṣà kan tún wà tí kò dára ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó: wọ́n á yọ tàmósítáàtì dànù pé òun ló ń fa ooru. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tàmósítáàtì yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà láì dé rédíétọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà sílẹ̀ nìyẹn, omi gbígbóná á sì máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì.

Kí sípánà tó kan ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dájú pé tọ́ọ̀pù ló yẹ ní títú. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: omi tó ń gbẹ láìsí ojú ibi tó ń jò, èéfín funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, omi rédíétọ̀ tó ń hó pùtùpùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, họ́ọ̀sì omi tó le gbagidi kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì onítọ́bò mọ bí wọ́n ti ń tan mẹkáníìkì jẹ. Èéfín tó rí búlúù lè jẹ́ ọ́ìlì tó ń gba ara tọ́bò jáde, kò kan tọ́ọ̀pù rárá. Ọ́ìlì tó bá omi rédíétọ̀ pọ̀ lè jẹ́ ti kúlà ọ́ìlì, ohun kékeré kan tó wà nídìí fílítà, níbi tí omi àti ọ́ìlì ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí irin inú rẹ̀ bá jẹrà, àwọn méjèèjì á dà pọ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ kúlà yìí láì fọwọ́ kan tọ́ọ̀pù. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n tú lásán nítorí rẹ̀ kò kéré, owó ọlọ́kọ̀ ló sì ń bá a lọ.

Ìdánwò méjì ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fi gééjì wọn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́. Sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí agbára wọn jọ lọ sílẹ̀ ń fi hàn pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín wọn. Ìkejì ni oògùn olómi búlúù kan tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá wà nínú omi, oògùn náà á di pupa rúsúrúsú. Ìdánwò méjèèjì kì í pẹ́, ó sì yani lẹ́nu bí àwọn tó ń ṣe é kò ti pọ̀.

Bó bá ti dájú, ohun àkọ́kọ́ ni sùúrù. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Bí ooru bá kàn án, ó ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bí irin bulọ́ọ̀kù ti ń fẹ̀. Ẹni tó bá tú bóòtù rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná ń fún un láyè láti tẹ̀ ni, tọ́ọ̀pù tó tẹ̀ kì í sì í tọ́ padà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yóò sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọlọ́kọ̀ tó ń kánjú lè fojú burúkú wò ó, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gẹ́tíìfù. Wọ́n á tú agbára epo inú páìpù sílẹ̀ ní ìlànà tí ìwé ọkọ̀ náà bá kọ, nítorí pé epo inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé lè wà ní bar 1,600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tó sì lè gún awọ ara wọlé. Omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì á ṣàn sínú abọ́ tàbí kẹ́ẹ̀gì. Gọ́tà kọ́ ni ibi tí wọn yóò dà á sí. Kúlàǹtì tó ní ethylene glycol dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́ tó bá lá a. Omi gọ́tà àdúgbò yìí sì ń bọ́ sínú ọ̀sà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ Bàrígà ti ń pẹja.

Kí họ́ọ̀sì kan tó kúrò níbi tó wà, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Fóònù ti sọ èyí di ìrọ̀rùn, kò sì sí ìdí tí ọmọ iṣẹ́ yóò fi máa gbára lé orí nìkan. Ẹ́ńjìnnì lásán lè ní họ́ọ̀sì mẹ́rin, márùn-ún. Ti onítọ́bò ní àwọn tín-ín-rín tó ń darí agbára tọ́bò, àwọn ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ínítákúlà tó ń mú un tutù níwájú ọkọ̀ tó sì ń gbé e padà, àti àwọn tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí ẹnu tọ́bò. Bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan á wọ inú nylon tirẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ibi tó ti wá sí i lára.

Bí wọ́n bá ti yọ páìpù afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu tọ́bò, kí wọ́n dí ẹnu náà lójú ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Fọlá Agoro wà: iyanrìn ń fẹ́, ọyẹ́ ń bọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kéde kó tó dé. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó já sínú tọ́bò lónìí yóò sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá jí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ náà ni abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní ìlọ́po ọ̀kẹ́ mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú yóò fi eyín kàn án.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń wúwo. Páìpù méjì tàbí mẹ́rin ló so mọ́ ọn: èyí tó ń gbé ọ́ìlì wá láti òkè, èyí tó ń dá ọ́ìlì padà sí ìsàlẹ̀, àti méjì fún omi nínú àwọn tó ń fi omi tutù. Páìpù ọ́ìlì tó ń wọlé tín-ín-rín gan-an. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín gbígbóná ti lè sun ọ́ìlì di èédú nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì fún. Ó sàn kí wọ́n ra tuntun. Wáṣà bàbà ìdí rẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó.

Nọ́ọ̀tì tó de tọ́bò mọ́ mánífóòdù èéfín, irin tó ń kó èéfín jáde lára tọ́ọ̀pù, ti gbóná, ó ti tutù, ó ti gbóná títí, ó sì ti jẹ ara mọ́ irin. Fífi agbára já a ló ń ṣẹ́ sítọ́ọ̀dù, sítọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ sínú irin sì lè gba ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á da òróró apanipata sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, á sì tún dà á sí i láàárọ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá ṣì kọ̀, á fi iná díẹ̀ gbóná rẹ̀ níbi tí họ́ọ̀sì àti epo kò sí nítòsí. Á dì í mú ṣinṣin, á máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ya tọ́bò kúrò lára tọ́ọ̀pù, ọkọ̀ ló sì ń sọ èyí tó bá a mu. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tú tọ́bò nìkan kúrò lára mánífóòdù. Èkejì ni kí wọ́n tú mánífóòdù kúrò lára tọ́ọ̀pù kí òun àti tọ́bò jọ fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n bá fi wáyà so wọ́n rọ̀ kí páìpù má bàa gbé ẹrù wọn. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù, mánífóòdù àti tọ́bò jáde pọ̀, kí wọ́n wá yà wọ́n lórí tábìlì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wúwo, ó sì gba ènìyàn méjì, síbẹ̀ òun ló dára jù níbi tí àyè ọwọ́ kò ti sí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, nítorí pé nọ́ọ̀tì tí ojú kò rí lọwọ́ máa ń bàjẹ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì titun kan, bíi ti Honda oní-1.5, kò tilẹ̀ sí mánífóòdù èéfín lọ́tọ̀. Inú tọ́ọ̀pù ni wọ́n ti dà á pọ̀, tọ́bò sì so mọ́ tọ́ọ̀pù tààrà.

Lẹ́yìn tọ́bò ni táímínì, ìyẹn bí kúráńkù tí písítìnnì ń yí àti káńṣáàfù tó ń ṣí fáàfù ṣe ń bára wọn rìn. Wọ́n á yí kúráńkù pẹ̀lú ọwọ́ títí àmì rẹ̀ àti ti káńṣáàfù yóò fi bára mu, kí wọ́n tó tú bẹ́líìtì tàbí ṣéènì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, fáàfù àti písítìnnì ń lo àyè kan náà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀kan láìyí èkejì lẹ́yìn tí bẹ́líìtì ti kúrò, fáàfù á tẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n bá ti tú, tuntun ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n á wá ṣí ìdérí òkè, wọ́n á nu inú ihò orí bóòtù kọ̀ọ̀kan dáadáa. Orí bóòtù Volkswagen àti Audi ní eyín nínú. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé tán, á sì jẹ eyín náà rá. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin sábà ń ní bóòtù mẹ́wàá ní ìlà méjì. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí tú u, wọ́n á máa bọ̀ sí àárín. Yíyí àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìlàrin àyíká lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tún padà sórí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tú ọ̀kan tán kó tó kan èkejì ti gbé gbogbo ẹrù lé apá kan tọ́ọ̀pù. Nígbà dídé padà, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun.

Tọ́ọ̀pù kì í fẹ́ kúrò lórí gásíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó fipá mú un, kí wọ́n tún un wò yíká, torí bóòtù kan tàbí wáyà kan tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ló sábà ń dì í mú. Fífi sukudíráfà tì í láàárín irin méjèèjì á dá ọgbẹ́ sí ojú alumíníọ̀mù, ibẹ̀ sì ni omi yóò ti máa jò. Òòlù igi tàbí ti rọ́bà, ní ìpẹ̀kun ibi tí irin ti nípọn, ló tọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e jáde, orí igi méjì ni wọ́n ń gbé e lé, kí ojú rẹ̀ má bàa kan ilẹ̀, nítorí àwọn fáàfù tó ṣí sílẹ̀ yọrí jáde lábẹ́ rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù nù kíákíá. Ibi tó ti jó, ibi tí omi ti fọ sìlíńdà kan mọ́ ju àwọn yòókù lọ, ibi tí ipata ti la ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fi irin títọ́ gbọọrọ lé ojú tọ́ọ̀pù, lóròó, níbùú àti láti igun dé igun, wọ́n á sì fi fílà gééjì wo àyè abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé iṣẹ́ kò gbà ju 0.05 sí 0.1 mìlímítà lọ. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú mọ ohun tí ojú irin tí kò dọ́gba ń ṣe: apá kan bébà á dúdú, apá kejì á ṣá. Bákan náà ni gásíkẹ́ẹ̀tì rí lábẹ́ tọ́ọ̀pù tó tẹ̀. Iná á gba apá tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n á tún wo ojú bulọ́ọ̀kù bákan náà, wọ́n á sì wá ojú sísán láàárín fáàfù, níbi tí ooru tọ́bò ti pọ̀ jù.

Tọ́ọ̀pù tó tẹ̀ díẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá a lórí ẹ̀rọ, bí ìwé ọkọ̀ bá fàyè gbà á. Ti dísẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ rárá. Èyí tó bá sán ni wọ́n ń lọ wá tọ́kùnbọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí ní Òwódé Onírin, kí wọ́n sì yẹ ìyẹn náà wò bí wọ́n ti yẹ ti àkọ́kọ́ wò.

Fífọ ojú irin ní ewu tirẹ̀. Bébà iyanrìn orí ẹ̀rọ tó ń yí ń mú nǹkan mọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ á bọ́ sí ọ̀nà ọ́ìlì, á sì dé ìdí kúráńkù àti ọ̀pá tọ́bò. Ọ̀bẹ ìfánǹkan tí kì í ṣe irin àti oògùn ìfọgásíkẹ́ẹ̀tì pẹ́ jù lọ́wọ́, òun ló sì dára. Ihò bóòtù inú bulọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Omi tàbí ọ́ìlì tó bá kù níbẹ̀ kò rí ibi sá sí nígbà tí wọ́n bá ń de bóòtù, bulọ́ọ̀kù ni yóò sì sán.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló ń wọlé, láìsí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ àfi níbi tí ilé iṣẹ́ bá ní kí wọ́n fi sí. Bóòtù tí wọ́n ṣe láti nà nígbà dídè kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Irú wọn ni wọ́n ń fi sípánà oníwọ̀n de dé ibi kan, kí wọ́n tó tún fi ìwọ̀n igun, bíi 90, yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ohun gbogbo bá ti padà sí àyè rẹ̀, tí omi àti ọ́ìlì tuntun ti wọlé, wọ́n á da ọ́ìlì mímọ́ díẹ̀ sí ojú ọ̀nà ọ́ìlì tọ́bò. Wọ́n á dá epo dúró, wọ́n á fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì ní ìgbà díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń jí i, wọn kì í sì í tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn títí tí omi yóò fi gbóná débi tí fáànù yóò ti yí fúnra rẹ̀.